Ohun Tí Àtẹ́lẹwọ́ Kò Nù Kúrò

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí káàdì kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná wa. Ṣọ́ọ̀bù ilé àkójọ àwòrán kan níbí ní London ni mo ti rà á, lọ́jọ́ tí òjò lé mi wọbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan ló dúró láàárín rẹ̀, àwọn òpó rẹ̀ ga fíofío, kò ta ìgbòkun. Lọ́ọ̀ọ́kán, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan hàn fírífírí. Ìlà mélòó kan sùn gbalaja sórí omi. Ìyókù, òkùnkùn ni.

Ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tó ń ṣa ìrẹsì. "Bàbá Mojí, ẹni tó ya eléyìí, ṣé wọ́n lé e dìde nídìí iṣẹ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló kúkú sọ: ohun tó wà nínú àwòrán náà kò tó ohun tí kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá ń fọ abọ́ lálẹ́, tí gbogbo ilé ti sùn, ojú mi á ṣàdédé lọ síbẹ̀, ọwọ́ mi á sì dúró sínú omi. Nǹkan kan á rọra bà lé mi láyà. N kò lè pè é ní ìbànújẹ́, n kò sì lè pè é ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ ni tàbí ilẹ̀ ń mọ́.

"Nocturne" ni ẹni tó ya á pè é, orúkọ tí àwọn olórin òyìnbó máa ń fún orin òru. James McNeill Whistler, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi London ṣe ilé, ló ya á ní Venice láàárín 1879 sí 1880. Kò fi ọ̀dà yà á. Abẹ́rẹ́ ló fi họ ọ́ sórí bàbà pẹlẹbẹ, ó jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ibi tó họ, ó wá fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, gíga rẹ̀ jẹ́ bíi 20. Ohun kékeré báyìí ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ mi.

## Àrokò ni mo ń wá

Yorùbá tó bá rí ọkọ̀ àti èbúté pa pọ̀, àdúrà ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ọkọ̀ ayé wa á gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. À ń gbà á níbi ìsọmọlórúkọ, à ń gbà á níbi ìgbéyàwó. Tí àgbàlagbà bá sì papò dà, ìwé ìkéde ìsìnkú á tún ní ó ti gúnlẹ̀ sí èbúté ògo. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ tuntun náà ló ń gbé òkú. Àwa tí a wá jápa tún ti fi tiwa lé e: a kì í rí èbúté kí a má ro ti ẹni tó ń juwọ́ létí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo pinnu pé màá kọ nǹkan nípa káàdì yìí, mo ti mọ ibi tí mò ń lọ kí n tó gbéra. Ìtàn ọkùnrin náà sì dà bí ẹni pé ó ń tì mí lẹ́yìn. Lọ́dún 1877, John Ruskin, tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fetí sí lórí ọ̀rọ̀ àwòrán, kọ ọ́ síwèé pé ńṣe ni Whistler da ìkòkò ọ̀dà sójú aráyé, tó tún ń gba owó gọbọi lórí rẹ̀. Whistler pè é lẹ́jọ́. Ó jàre ní November 1878, ṣùgbọ́n fáàdínì kan ṣoṣo, owó tó kéré jù lọ lọ́wọ́ wọn, ni ilé ẹjọ́ dá fún un. Ó jàre, ó sì wọ gbèsè. Ní 1879 wọ́n kéde pé kò lówó tí yóò fi san án. Ilé tí ó kọ́ sí Chelsea di títà ní September ọdún náà. Oṣù kan náà ló forí lé Venice, nítorí pé ilé iṣẹ́ kan tó ń ta àwòrán, Fine Art Society, rán an níṣẹ́ pé kó lọ ya bàbà 12 wá láàárín oṣù mẹ́ta. Ó lo oṣù mẹ́rìnlá.

Ẹ wo bí ó ṣe dùn ún tò. Ọkọ̀ tí kò ta ìgbòkun ni Whistler fúnra rẹ̀. Òkùnkùn ni gbèsè. Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ọ̀ọ́kán ni ìrètí. Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta. Tí mo bá kà á báyìí, ojú máa ń tì mí.

Àṣìṣe mi ni pé àrokò ni mo fi ṣe. Nígbà tí àwọn baba wa bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, ẹni tó gbà á kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í ronú: ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà mọ́ ọ. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, a jọra nìyẹn. Ẹni tó dì í àti ẹni tó tú u ti jọ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí èmi náà ṣe jókòó ti káàdì nìyẹn, bí ẹni pé wọ́n di ẹrù kan sí mi láti Venice, tí kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ mi ju kí n tú okùn rẹ̀ lọ.

## Méjì lórí tábìlì kan

Ilé àkójọ àwòrán tó ní irú nǹkan báyìí máa ń ní yàrá kan tí ènìyàn lè kọ̀wé sí pé òun fẹ́ wá wo ojúlówó rẹ̀. Mo kọ̀wé, wọ́n dá mi lóhùn, mo gba ìsinmi ìdajì ọjọ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n fọ ọwọ́. Wọ́n gba báírò mi, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ní ìgò ojú lọ́rùn ló gbé àpótí pẹlẹbẹ wá, ó ṣí i, ó gbé àwòrán kan síwájú mi, ó sì gbé òmíràn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé ó ṣi ọ̀kan mú ni. Mo sọ fún un pé "Nocturne" nìkan ni mo béèrè fún. Ó ní òun náà ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí bí mo ṣe rí i. Nínú ti ọwọ́ òsì mi, òru ni, òru gidi. Tàdáwà bo omi àti òfuurufú bí ẹ̀fúùfù tó fẹ́ lọ gbọọrọ láti etí kan dé èkejì, ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ipa ọwọ́ tó fà á. Ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀ bí ohun tí ènìyàn rò pé òun rí. Nínú ti ọwọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ ti ń mọ́. Omi mọ́ lóló, òfuurufú ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì tínrín, ó dá dúró bí ẹni tó jí kí ará ilé tó jí. Mo wo àwọn òpó rẹ̀. Mo ka àwọn ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí omi, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí ìwé mi, mo ka ti ìkejì. Wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Bàbà kan náà ni. Abẹ́rẹ́ kan náà ló họ ọ́. Ojú ọjọ́ ni kò bára mu.

Mo bi obìnrin náà pé èwo gan-an ni Whistler ní lọ́kàn. Kò fèsì kíá. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ibí ni ó wà."

Ó wá ṣàlàyé. Tí ásíìdì bá ti jẹ bàbà tán, a ó fi tàdáwà pa gbogbo ojú rẹ̀ kí ó lè wọnú àwọn ìlà tó jìn. Lẹ́yìn náà, a ó nù ún. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń nù ún, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ parí rẹ̀. Òǹtẹ̀wé tó bá mọ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nígbà náà, a máa nù ún títí ojú bàbà yóò fi dán, kí ó lè jẹ́ inú ìlà nìkan ni tàdáwà kù sí. Whistler kì í nù ún tán. Ó máa ń fi fẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ lójú bàbà, ó nípọn níhìn-ín, ó fúyẹ́ lọ́hùn-ún, ó wá gbé pépà tútù lé e, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ. Gbogbo tàdáwà yẹn ni pépà máa gbé lọ. Tó bá fẹ́ tẹ ìkejì, à fi kó tún un pa, kó tún un nù. Bí òru kan bá ti ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kò lè padà wá mọ́.

Ohun tó gbé mi dìde lórí àga nìyẹn. Nínú "Nocturne", ìlà tó wà lórí bàbà kò pọ̀ rárá. Tí ènìyàn bá nù ún mọ́ pátápátá bí ìlànà ṣe wí, eegun lásán ni yóò kù: òpó mélòó kan, òrùlé kan, ìlà omi. Gbogbo ohun tó ń bà lé mi láyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ fífọ̀ kò sí lára ohun tí ọkùnrin náà yà. Ara ohun tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò nù kúrò ló wà.

Mo rántí Ìyá Ìtókú lójú ẹsẹ̀. Ìyá tó bí màmá mi ni, aláró ni ní Abẹ́òkúta. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, nítorí pé ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní í débẹ̀. Ìda tí wọ́n ń fi bo bàbà kí ásíìdì má baà jẹ ẹ́ kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju iṣẹ́ ẹ̀kọ yẹn lọ. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí ìyẹ́ bá kọ lọ́dọ̀ tiwa ló máa funfun, ibi tí abẹ́rẹ́ bá họ lọ́dọ̀ tiwọn ló máa dúdú. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan kó aṣọ méjì padà wá, ó ní òun béèrè fún oríṣi kan náà, Ìyá fún òun ní oríṣi méjì. Ìyá tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún un, ó fi ìka tọ ìlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀kọ kan náà ni," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀melòó tó wọnú ìkòkò aró ni kò dọ́gba." Èyí tó wọ aró lẹ́ẹ̀mélòó kan péré dà bí òwúrọ̀. Èyí tó wọ̀ ọ́ léraléra ti dúdú bí ẹtù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ọ̀rọ̀ owó ni mo rò pé wọ́n ń sọ.

Àlàyé mi lórí gbèsè kú síbẹ̀. Ní Venice, ẹ̀rọ Otto Bacher, ọ̀dọ́ ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, ni Whistler ń yá lò. Nígbà tó padà sí London ní November 1880, títẹ̀ yẹn ló tún kù. Fine Art Society fẹ́ ẹ̀dà 100 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bàbà 12 náà, òun sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gbogbo wọn. Iṣẹ́ náà fà á lọ́dún lọ́dún. Tí òkùnkùn bá jẹ́ gbèsè, a jẹ́ pé gbèsè náà ń pọ̀ sí i ní òwúrọ̀ Monday, ó sì ń dín kù ní ọ̀sán Tuesday, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó. Káàdì tó wà nílé mi wá burú sí i lójú mi. Òru kan ṣoṣo ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a sì rò pé bí àwòrán náà ṣe rí nìyẹn.

## Èbúté tí atukọ̀ lè fi tukọ̀

Ibi tí Whistler ti kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ ológun ní West Point lé e lọ́dún 1854, nítorí pé ó gbòdo nínú kẹ́mísírì. Ẹni tó gbòdo nínú kẹ́mísírì wá lọ fi ásíìdì jẹun títí ayé rẹ̀. Ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán etí òkun fún àwọn atukọ̀, kò sì lò ju oṣù díẹ̀ níbẹ̀, títí di February 1855. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti ásíìdì ya èbúté sórí bàbà.

Irú èbúté báyẹn kò gbọdọ̀ ní ohun kan tó ń bani láyà. Ibi tí àpáta wà, kó hàn. Ibi tí ọkọ̀ lè gbà kọjá, kó hàn. Òwe wa ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Àwọn wọ̀nyí ń yà á kí ọkọ̀ má baà forí sọ ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Lórí àwòrán erékùṣù Anacapa, ní etí òkun California, ó fi àwọn ẹyẹ tó ń fò kún un. Kí ni atukọ̀ fẹ́ fi ẹyẹ ṣe?

Nígbà tó dé London ní 1859, ó tọ odò Thames lọ, ó sì ya èbúté fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti wo "Black Lion Wharf" tó yà lọ́dún yẹn, ní Wapping, níbi tí bọ́ọ̀sì mi ń gbà kọjá nígbà mìíràn. Gbogbo rẹ̀ ló sọ: pákó ara ilé ìkẹ́rùsí lọ́kọ̀ọ̀kan, fèrèsé, àkàsọ̀, okùn, ọkùnrin kan tó jókòó níwájú bí ẹni tí kò sí ohun tó kàn án. Kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí. Ó dára púpọ̀. Mo wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti rí i tán. Ogún ọdún ló fi wà láàárín àwòrán yẹn àti èyí tó wà ní ilé ìdáná mi, ohun tó sì kọ́ ní ogún ọdún yẹn ni bí a ṣe ń dákẹ́.

Ẹ̀yà kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ohun tí a bá họ sórí bàbà, òdìkejì rẹ̀ ni pépà máa gbé: òsì di ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo dígí. Àwọn tó ń ya àwòrán fún atukọ̀ gbọ́dọ̀ họ ọ́ sódì kí ó lè jáde bó ṣe yẹ, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ níbẹ̀. Ní Venice, Whistler ya ohun tó rí bó ṣe rí i, ó sì jẹ́ kó yí padà. Ọmọ bíbí Venice tó bá wo "Nocturne" yóò rí èbúté ìlú rẹ̀ ní òdìkejì. Àwọn mìíràn nínú bàbà 12 yẹn ní orúkọ ibi tí wọ́n wà. Èyí kò ní. Ẹni tó bá fi tukọ̀ yóò sọnù ni.

## Ìyá tó jókòó lábẹ́ èbúté

Mo ti fẹ́ parí àròkọ yìí síbẹ̀, kí n ní kò sí àmì kankan, ọwọ́ lásán ni. Bí Whistler fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ kí a gbà á nìyẹn. Ó kórìíra kí ènìyàn máa bi àwòrán léèrè ìtàn. "Nocturne" tó ń pe àwọn àwòrán òru rẹ̀, Frederick Leyland, olówó kan tó ń ra iṣẹ́ rẹ̀, ló dá a lábàá fún un, ó sì gbá a mú nítorí pé orin kì í rojọ́.

Àmọ́ mo rántí àwòrán ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n láìmọ̀: ìyá àgbà tó wọ aṣọ dúdú, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ká ọwọ́ lé itan. Ọdún 1871 ni ọmọ rẹ̀ fi ọ̀dà yà á. Ẹ wo ògiri tó wà lókè orí rẹ̀. Àwòrán kékeré kan wà níbẹ̀ nínú férémù dúdú. "Black Lion Wharf" ni.

Anna, ìyá náà, ti kúrò ní Amẹ́ríkà nígbà tí ogun abẹ́lé wọn ṣì ń jó, ó la òkun kọjá wá bá ọmọ rẹ̀ ní London. Ọmọ náà wá mú un jókòó síwájú ògiri, ó fi èbúté kan kọ́ sórí rẹ̀. Ó ní ètò àwọ̀ eérú àti dúdú ni òun ṣe. Orúkọ tó sì fún un nìyẹn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìyá, ó wà ní Abẹ́òkúta, mo sì mọ ohun tí èbúté jẹ́ láàárín ìyá àti ọmọ. Ẹni tó bá sọ fún mi pé àwọ̀ eérú lásán ni, màá ní ẹ kú iṣẹ́.

Ibi tí mo wá dúró sí rèé. Whistler kò di àrokò kankan ránṣẹ́, àwa tí a ń tú u ń tú ẹrù ara wa. Síbẹ̀ ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ níbi tí ẹrù lè wọ̀. "Black Lion Wharf" kò ní àyè yẹn, afi ìgbà tó gbé e kọ́ sórí ìyá rẹ̀. "Nocturne" kò ní nǹkan mìíràn ju àyè lọ.

Àwa kì í sábà fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Ru van Rossem, ará Netherlands, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ásíìdì ní nǹkan bí 1964, Twins Seven-Seven, ọ̀kan nínú wọn, gba abẹ́rẹ́, ó sì fi ìlà kún àwòrán dé etí. Iwin, ẹja, ojú, ọwọ́, igi tó ní eyín. Kò sí ibi tí ìlà kò dé. Òkùnkùn tiwa ní ará ilé. Mo rò pé ohun tí ìyàwó mi ń sọ nídìí ìrẹsì nìyẹn: ẹni tó ya eléyìí kò jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ hàn.

Àwọn òyìnbó náà sọ ọ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ìyàwó mi nìkan. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn bàbà 12 náà ní London ní December 1880, ọ̀pọ̀ oníwèé ìròyìn ní iṣẹ́ tí kò tíì parí ni. Whistler fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́. Ní 1883 tó tún ṣe àfihàn, ó kó èébú náà jọ, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àfihàn, ó to ọ̀rọ̀ oníkálukú sábẹ́ àwòrán. Ó ní kí wọ́n fi àwọ̀ ìyeye àti funfun kun yàrá náà, ó sì wọ ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní aṣọ àwọ̀ kan náà. Ọkùnrin náà lẹ́nu.

Ọdún 1885 ló sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ gan-an, nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ènìyàn sọ ní London ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ó ní nígbà tí kùrukùru ìrọ̀lẹ́ bá bo etí odò, ilé tálákà á yọ́ sínú òfuurufú, àwọn òpó èéfín gíga á di ilé gogoro aago, ilé ìkẹ́rùsí á di ààfin. Mo kà á, mo sì gbọ́ òwe wa níbẹ̀: òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Àwa ń fi òwe náà kìlọ̀ fún ẹni ńlá tó ń rìn lóru. Whistler fi í tu ilé ìkẹ́rùsí nínú.

Mo ti pa ojú ìwé mẹ́ta yẹn rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá mi pè mí lórí WhatsApp, a jọ ń rí ara wa. Ilé ìdáná ni mo wà. Bí mo ṣe gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí n lè máa gé àlùbọ́sà, ó rí káàdì náà lẹ́yìn mi.

"Àjàní, kí lo lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn?"

Mo nu ọwọ́, mo gbé e sún mọ́ fóònù. Ojú màmá kò fi bẹ́ẹ̀ dá mọ́. Ó gbé fóònù tirẹ̀ jìnnà, ó tún fà á mọ́ra, mo ń rí iwájú orí rẹ̀ nìkan.

"Ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ ni, àbí ilẹ̀ ń mọ́?"

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já.

"Ọkọ̀ yẹn ò tíì lọ," ó ní. Ó wá bi mí pé kí ni mò ń fi àlùbọ́sà yẹn sè.